Ìgbà àkọ́kọ́ lábẹ́ òkun: ìmòòkùn skúbà látinú ọkọ̀ ojú omi ní Zanzibar

Ọmọ_Òṣómàáló (Iléṣà) kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́fà ní Zanzibar nínú oṣù Kejìlá. Ilé ìtura tí a fẹ́ dé sí ní Nungwi fi ètò kan ránṣẹ́: wọn yóò fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ sí erékùṣù Mnemba, a ó gbé tánkì afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, a ó sì mòòkùn. Wọ́n ní ẹni tí kò ṣe é rí náà lè ṣe é. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa kúrò ni wọ́n fi í sí, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni bàálù wa máa gbéra.

Mo mọ ìlúwẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ìyàwó mi lè léfòó, ṣùgbọ́n kò lè lúwẹ̀ẹ́ jìnnà, AS sì ni jẹ́nótáìpù rẹ̀. Gíláàsì ni èmi fi ń ríran. Kí ni wọ́n máa ṣe fún wa gan-an? Kí ló lè yíwọ́? Kí ni a sì lè ti ilé múra sílẹ̀ fún?

Olùkọ́_Ìlúwẹ̀ẹ́ (Ilé-Ifẹ̀) kọ:

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Kí n tó dáhùn èyíkéyìí nínú ìbéèrè yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ọjọ́ yẹn padà. Ẹ má mòòkùn lọ́jọ́ tí ẹ máa wọ bàálù.

Bí èèyàn bá ń mí afẹ́fẹ́ tánkì lábẹ́ omi, bí omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́ máa ń mú kí náítírójìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ náà wọ ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Bó bá gòkè tán, náítírójìn ọ̀hún á máa bá èémí jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń pẹ́. Afẹ́fẹ́ inú bàálù tó wà lókè fúyẹ́ bíi ti orí òkè tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400. Ẹni tí náítírójìn rẹ̀ kò tíì jáde tán tó sì wọ irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ á dà bí ìgo mínírà tí wọ́n ṣàdédé ṣí: ìhó á máa ru nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ní oríkèé ara. Ìrora oríkèé, ara kíkú, òòyì, títí kan rírọ lápá lẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè tẹ̀lé e. Ìmọ̀ràn DAN, àjọ tó ń rí sí ààbò àwọn òmòòkùn, ni pé kí èèyàn dúró fún wákàtí 12 ó kéré tán lẹ́yìn ìmòòkùn ẹ̀ẹ̀kan, wákàtí 18 bó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ẹ bá gòkè ní aago 11 òwúrọ̀, wákàtí 6 péré ló kù kí bàálù gbéra. Ẹ fi odidi wákàtí 24 sílẹ̀, kí ọkàn yín balẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni kí ẹ fi í sí. Ọjọ́ kìíní kò dára, ara á ti rẹ̀ yín, ọ̀nà á sì ti fa omi ara yín gbẹ. Tí ìjì bá jà lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin ṣì wà nílẹ̀.

Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín, àjọ méjì tó ń kọ́ni ní ìmòòkùn ló ní orúkọ fún un: PADI ń pè é ní Discover Scuba Diving, SSI ń pè é ní Try Scuba. Kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ìtọ́wò ni, olùkọ́ kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mítà 12 ni ó jìn jù tí ẹ lè dé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 kò lè bá wọn ṣe é. Ìpele mẹ́ta ló ní: àlàyé ní orí ilẹ̀, ìdánrawò níbi tí omi kò ti ju àyà lọ, lẹ́yìn náà òkun. Ibi tó bá fo ìpele kejì, ẹ má bá wọn lọ.

Ìyá_Ìbejì_Lágere (Ilé-Ifẹ̀) kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra. Èmi á sọ ti ìlera.

Wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù kan tó ń béèrè nípa ikọ́ fée, wárápá, àrùn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, iṣẹ́ abẹ etí tàbí àyà, àti oyún. Níbikíbi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní kí dókítà fọwọ́ sí i kí ẹ tó lè wọ omi. Ẹlòmíràn á fi “bẹ́ẹ̀ kọ́” sí gbogbo rẹ̀ kí owó rẹ̀ má bàa ṣòfò. Ẹ má ṣe é. Ẹ gba fọ́ọ̀mù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nísinsìnyí, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà ní Iléṣà níbẹ̀. Dókítà tó mọ̀ yín tẹ́lẹ̀ sàn ju èyí tí ẹ máa sáré wá ní etíkun.

Ẹni tó jẹ́ SS, kó má mòòkùn skúbà rárá. Àìtó afẹ́fẹ́, òtútù àti gbígbẹ omi ara, ohun tó máa ń ta ìrora wọn jí nìyẹn. AS yàtọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ AS ń mòòkùn láìsí wàhálà, àmọ́ kí ìyàwó yín sọ ọ́ fún dókítà àti olùkọ́, kó sì mu omi dáadáa láti ọjọ́ tó ṣáájú. Bí oyún bá wà, tàbí bí ẹ bá ń fura sí i, kò sí ìmòòkùn.

Oògùn ìdènà ibà náà ńkọ́? Zanzibar kò bọ́ lọ́wọ́ ibà, ẹ máa nílò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé ẹ fẹ́ mòòkùn, nítorí mefloquine lè fa òòyì àti ìpayà. Bí irú rẹ̀ bá sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìmòòkùn, kò sí ẹni tó máa lè sọ bóyá oògùn ni tàbí àrùn náítírójìn. Doxycycline kò ní wàhálà yẹn, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó ara, orí ọkọ̀ ojú omi kò sì ní ibòji púpọ̀.

Ní ti gíláàsì, ẹ kò lè wọ̀ ọ́ sínú máàsìkì ìmòòkùn, èyí tó ń bo ojú àti imú, ọwọ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí etí máàsìkì lẹ̀ mọ́ ojú. Ẹ kọ nọ́ńbà gíláàsì yín ránṣẹ́ sí wọn báyìí, àwọn kan ní máàsìkì tó ní gíláàsì ìríran. Èyí tó rọ̀, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹ di ojú tí omi bá kún inú máàsìkì.

Ọmọ_Òṣómàáló kọ:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n gbé e sí ọjọ́ kẹta. Ọ̀kan kù: oṣù Kejìlá ni ọyẹ́ máa ń dé, kátáà kì í sì í wọ́n nílé. Tí mo bá gbé e dé ọ̀hún, ṣé mo lè lo oògùn kí n sì mòòkùn?

Àgbà_Ẹnuwá (Ilé-Ifẹ̀) kọ:

Rárá, ọmọ mi. Bí imú bá dí, ẹ jókòó sórí ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀, nítorí òun náà ló bí gbogbo òfin tó kù.

Bar ni ìwọ̀n tí a fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ tàbí omi ṣe ń tẹni tó. Ní ojú omi, afẹ́fẹ́ ayé ń tẹ̀ wá ní bar 1. Mítà 10 omi òkun kọ̀ọ̀kan fi bar 1 mìíràn kún un. Ní mítà 10, ó di bar 2, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ihò ara á sì sún kì dé ìdajì. Ní mítà 20, ó di bar 3, ó sún kì dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ wò ó dáadáa: láti ojú omi dé mítà 10 ni ìyípadà ti tóbi jù. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni àkọ́kọ́ máa wà.

Afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn awọ ìlù etí yín. Bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ó ń sún kì, omi sì ń ti awọ náà wọnú. Ọ̀nà tóóró kan so etí mọ́ ẹ̀yìn imú. Ibẹ̀ ni ẹ máa gbà fi afẹ́fẹ́ kún un. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di imú mú, ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ máa gbọ́ “pọ́” kékeré. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí orí tó wọ omi, kí ẹ sì máa ṣe é ní ìdajì mítà sí mítà kan, kó tó dùn yín. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tó dùn yín, ọ̀nà náà á ti pa dé, agbára kò sì lè ṣí i. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ tagbáratagbára lè ba inú etí jẹ́. Bó bá kọ̀, ẹ gòkè ní mítà kan, ẹ tún un ṣe, kí ẹ tó máa lọ. Ẹsẹ̀ ni kó ṣáájú bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, orí lókè. Etí máa ń ṣí lọ́nà ìrọ̀rùn báyẹn ju kí orí dojú kọlẹ̀ lọ.

Kátáà máa ń di ọ̀nà tóóró yẹn. Oògùn tó ń tú imú lè ṣí i fún ìgbà díẹ̀, kí agbára rẹ̀ sì tán nígbà tí ẹ wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ ṣe ń gòkè, afẹ́fẹ́ etí ń wú, kò sì ríbi jáde. Ẹni tó wà lókè omi pẹ̀lú kátáà ti bọ́. Ẹni tí oògùn tán lára rẹ̀ ní mítà 10 kò lè dúró síbẹ̀ títí.

Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ má di èémí mú. Ẹni tó bá fa afẹ́fẹ́ kún ẹ̀dọ̀fóró ní mítà 10, tó dì í mú, tó sì gòkè, afẹ́fẹ́ náà á wú di ìlọ́po méjì nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á fàya bíi bàlúùnù. Kò sì dìgbà tó bá jìn: mítà bí i kan àbọ̀ nínú omi ìwẹ̀ ilé ìtura ti tó. Ẹ máa mí lọ, ẹ máa mí bọ̀, láìdúró.

Ọmọ_Ìsọ̀kún (Iléṣà) kọ:

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ iye ìṣẹ́jú tí tánkì kan máa gbé? Mo rí àwọn tó sọ pé wákàtí kan, àwọn mìíràn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Àgbà_Ẹnuwá kọ:

Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ká mú tánkì lítà 12 tí wọ́n fún ní afẹ́fẹ́ dé bar 200: 12 lọ́nà 200 jẹ́ lítà 2,400. Bar 50 tó gbẹ̀yìn kì í ṣe ti lílò, ààbò ni. Ẹ gbọ́dọ̀ ti dé ojú omi kí géèjì, ohun tó ń fi iye afẹ́fẹ́ tánkì hàn, tó ka 50. Ó ku bar 150, lítà 1,800.

Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ lè máa mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lókè omi. Ní mítà 10, ìlọ́po méjì ni, lítà 40. 1,800 sí ọ̀nà 40, ìṣẹ́jú 45 nìyẹn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, lè máa lo lítà 30 lókè, ó di 60 nísàlẹ̀, ìṣẹ́jú 30 sì ni. Tánkì kan náà, òkun kan náà. Ìmí gígùn tó lọ́ra, kí èyí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ, ló ń fi ìṣẹ́jú 15 kún un.

Ẹ ṣàyẹ̀wò kan fúnra yín kí ẹ tó fò sínú omi. Ẹ fi rẹ́gúlétọ̀, ohun tí ẹ máa fi fa afẹ́fẹ́ tánkì, sẹ́nu, ẹ mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta tó jinlẹ̀, kí ojú yín wà lára géèjì. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró gbọin nítòsí 200. Bó bá ń já wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á, tó tún ń padà sókè bí ẹ ti dákẹ́, ẹnu tánkì kò ṣí tán. Lókè, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n. Ní mítà 10, ṣe ni afẹ́fẹ́ á máa wá tìpá-tìkúùkù.

Olùkọ́_Ìlúwẹ̀ẹ́ kọ:

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti orí ohun èlò.

Ẹni tó bá ń lo gáàsì nílé mọ rẹ́gúlétọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni èyí ń ṣe: ó ń rọ agbára tánkì sílẹ̀ kó tó dé ẹnu. Ẹnu méjì ló wà lára rẹ̀. Èyí tó máa ń jẹ́ aláwọ̀ òféefèé ni ti ìrànwọ́, fún ẹni tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá tán. Jákẹ́ẹ̀tì tó gbé tánkì dúró ní bọ́tìnnì méjì, ọ̀kan ń fi afẹ́fẹ́ kún un, èkejì ń tú u jáde. Olùkọ́ yín ni á máa tẹ̀ wọ́n. Ẹ mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ṣe é. Bẹ́líìtì òjé wà, kílò 4 sí 8 bí ara bá ṣe rí, nítorí aṣọ rọ́bà àti omi iyọ̀ ń gbé èèyàn léfòó. Òjé tó pọ̀ jù wọ́pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń sáré: ẹni náà á máa rì, á máa fi ẹsẹ̀ gbá omi láti dúró, á sì máa jẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán.

Ohun méjì ni wọ́n máa kọ́ yín nínú omi tí kò jìn, ẹ má kúrò níbẹ̀ tí ẹ kò bá lè ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta láìfòyà.

Èkíní ni bí a ṣe ń lé omi kúrò nínú máàsìkì. Omi á wọ̀ ọ́ dandan, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ṣíbí kan. Nígbà tó bá kan imú, ohun tó máa wá sọ́kàn yín ni pé kí ẹ fà á sókè. Ẹnu ni kí ẹ fi mí, ẹ má fi imú fà rárá. Ẹ fi ìka méjì tẹ òkè máàsìkì mọ́ iwájú orí. Ẹ gbé ojú sókè díẹ̀. Ẹ wá máa fẹ́ afẹ́fẹ́ láti imú, fífẹ́ kan tó gùn, bí ẹni ń fun kátáà ṣùgbọ́n tí kò yára. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́, á gba òkè. Omi wúwo, á jáde nísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé láti tẹ òkè, afẹ́fẹ́ yín á gba òkè sá lọ, omi á sì jókòó síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá sáré gòkè nígbà àkọ́kọ́, omi imú ló lé e.

Èkejì: rẹ́gúlétọ̀ tó bọ́ lẹ́nu. Ẹ má di èémí. Ẹ máa tú ìhó kékeré jáde pẹ̀lú “àà”. Ẹ tẹ ara sí ọ̀tún, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún sísàlẹ̀ kan ìdí, kí ẹ wá gbá a yíká sẹ́yìn lọ síwájú. Rọ́bà rẹ̀ á há sí apá. Ẹ fi í sẹ́nu, ẹ fẹ́ ẹ tàbí kí ẹ tẹ bọ́tìnnì àárín rẹ̀ láti lé omi jáde, kí ẹ tó fà.

Bí èébì bá sì gbé ẹ̀yin tàbí ìyàwó yín lábẹ́ omi, ẹ má yọ rẹ́gúlétọ̀. Ẹ bì í gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ dì í mú lẹ́nu, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì àárín. Ẹni tó bá yọ ọ́, omi ni yóò fà nígbà tí ó bá fẹ́ mí lẹ́yìn èébì.

Ọmọ_Ìsọ̀kún kọ:

Ṣé wọ́n kò lè fi odò Ọ̀pá ní ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀, tàbí ìsàlẹ̀ omi Olúmirìn ní Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà, dánra wò kí wọ́n tó lọ?

Olùkọ́_Ìlúwẹ̀ẹ́ kọ:

Àbúrò, ẹ má ṣe é. Omi ìdídò dúdú, èèyàn kò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀, igi àti àwọ̀n wà nísàlẹ̀, ìgbín tó ń gbé àtọ̀sí ajá sì lè wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Olúmirìn ní tirẹ̀, òkúta rẹ̀ ń yọ̀, omi tó ń já láti òkè sì ń fa èèyàn. Ó dára fún wíwò.

Omi ìwẹ̀ ilé ìtura tí wọ́n ń fi oògùn sí, tí ẹnìkan sì ń ṣọ́, ni kí ẹ lò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó. Ẹ̀gbọ́n, kí ìyàwó yín dúró sí ibi tó kan àyà, kó wọ máàsìkì kó sì fi ọ̀pá snorkel mí, ojú nínú omi, ìṣẹ́jú 10 láìgbé orí. Lẹ́yìn náà kó léfòó fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kó bu omi sínú máàsìkì dé ìdajì, kó sì máa fi ẹnu mí bẹ́ẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí niye lórí ju mítà 200 ìlúwẹ̀ẹ́ lọ fún ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Jákẹ́ẹ̀tì á gbé e léfòó; ìpayà ni jákẹ́ẹ̀tì kò lè gbé.

Bí ẹ bá ra máàsìkì: ẹ gbé e lé ojú láìlo okùn, ẹ fi imú fà díẹ̀, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá dúró lójú ni tiyín.

Ìyá_Ìbejì_Lágere kọ:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti irun kún un, àwọn ọkùnrin kì í rántí rẹ̀. Okùn irun kan ṣoṣo lábẹ́ etí máàsìkì ti tó láti jẹ́ kí omi máa wọlé títí ẹ ó fi jáde. Kí ìyàwó yín di kòlẹ́sẹ̀ kó tó kúrò nílé, kí ó lọ sílẹ̀ dé ọrùn. Ṣùkú á gbé okùn máàsìkì sókè, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ á kó ìdí irun wá síwájú orí. Kó má fi wíìgì wọ omi. Ẹ̀yin náà, ẹ gé irunmú tó wà lábẹ́ imú, ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọ máàsìkì ọkùnrin.

Ní ti èébì ọkọ̀: dimenhydrinate tàbí meclizine, wákàtí kan kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó máa ń mú oorun wá, nítorí náà ẹ dán an wò nílé lọ́jọ́ tí ẹ kò níṣẹ́, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ pé ẹ lò ó. Oúnjẹ fífúyẹ́ ni kí ẹ jẹ, búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Inú òfìfo náà ń bì, epo àkàrà ń bì jù. Ẹ má mu ọtí lóru tó ṣáájú. Lórí ọkọ̀, ẹ jókòó sí àárín síhà ẹ̀yìn, jìnnà sí èéfín ẹ́ńjìnnì, kí ojú yín wà níbi tí ọ̀run ti pàdé òkun. Ẹ má wo fóònù.

Ọmọ_Èṣìnmìrìn (Ilé-Ifẹ̀) kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀nà àti ìwé. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọ Tanzania gbọ́dọ̀ ní káàdì yẹ́lò fún ibà pọ́njú. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Zanzibar ń gba owó ìdójútòfò dandan lọ́wọ́ àlejò, dọ́là 44 fún àgbàlagbà, tí wọ́n ń san fún Zanzibar Insurance Corporation. Ẹ bi wọ́n bóyá ó kan ìmòòkùn kí ẹ tó gbára lé e; DAN ní ti òmòòkùn lọ́tọ̀.

Aago wọn fi wákàtí 2 ṣáájú tiwa. Ibòmíràn tí wọ́n ti máa ń ṣì í ni pé àwọn ará ibẹ̀ ń ka aago láti ìlà oòrùn: “saa mbili asubuhi” túmọ̀ sí wákàtí kejì òwúrọ̀, ìyẹn aago 8 tiwa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà kọ ọ́ ránṣẹ́.

Mnemba jẹ́ erékùṣù kékeré lápá àríwá ìlà oòrùn Unguja, erékùṣù tó tóbi jù ní Zanzibar, àpáta iyùn yí i ká, ibi tí ìjọba ń dáàbò bò ni, owó ìwọlé wà. Ẹ béèrè bóyá ó wà nínú iye tí wọ́n pè. Abúlé Matemwe ló sún mọ́ ọn jù. Láti Nungwi, ọkọ̀ á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lójú omi. Ẹ yan ọkọ̀ tó tètè ń jáde, nítorí bí ọjọ́ bá ti ń ga, ọkọ̀ àwọn tó wá wo ẹja dolphin máa ń kún ibẹ̀. Lápá ìlà oòrùn, òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà gan-an: tí ó bá fà, ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ẹ máa fi rìn dé ìdí ọkọ̀, ohun ẹlẹ́gùn-ún sì wà nílẹ̀ omi. Ẹ wọ bàtà rọ́bà.

Ọmọ_Òṣómàáló kọ:

Àwọn àmì ọwọ́ ńkọ́? Àti bí a ṣe ń fò láti inú ọkọ̀, bí a sì ṣe ń padà wọ̀ ọ́?

Olùkọ́_Ìlúwẹ̀ẹ́ kọ:

Àtàǹpàkò tó dúró sókè, “ó ti tó, ẹ jẹ́ ká gòkè” ni, kì í ṣe “ó dára”. Àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyẹn: olùkọ́ á béèrè pé ṣé àlàáfíà ni, ẹni náà á gbé àtàǹpàkò sókè tìdùnnú-tìdùnnú, ìmòòkùn á sì parí. “Ó dára” ni kí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá pàdé ní òrùka. Ọwọ́ títẹ́ tó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, “nǹkan kan ń ṣe mí”. Kí ẹ wá tọ́ka sí ibẹ̀, etí tàbí máàsìkì. Ọwọ́ tó gé ọ̀fun kọjá, “n kò ní afẹ́fẹ́”. Ìkúùkù lórí àyà, “afẹ́fẹ́ mi kù díẹ̀”.

Láti inú ọkọ̀ kékeré, ẹ jókòó sí etí rẹ̀, ẹ kọ ẹ̀yìn sí omi, afẹ́fẹ́ ti wà nínú jákẹ́ẹ̀tì, rẹ́gúlétọ̀ ti wà lẹ́nu. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún di rẹ́gúlétọ̀ mú, ìka rẹ̀ di máàsìkì mú. Ẹ ṣẹ́ àgbọ̀n mọ́ àyà, ẹ ṣubú sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá kà dé mẹ́ta. Ẹ má wẹ̀yìn. Ẹni tó bá yíjú wẹ̀yìn, máàsìkì rẹ̀ ló máa ń bọ́. Ẹ fi òrùka hàn wọ́n bí ẹ bá ti yọjú.

Ẹ gbá okùn mú sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá ń gòkè, kó má ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á tún dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3. Ní ojú omi, ẹ má sún mọ́ ọkọ̀ títí wọ́n á fi pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ́kọ́ gbé bẹ́líìtì òjé lé wọn lọ́wọ́, tánkì tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rọ́bà tí ẹ fi ń gbá omi gbẹ̀yìn, nígbà tí ọwọ́ kan ti di àkàsọ̀ mú. Ẹ má dúró sí abẹ́ ẹni tó ń gun àkàsọ̀. Tánkì tó bá já kì í yan orí.

Àgbà_Ẹnuwá kọ:

Ọ̀kan tó kù, ọmọ mi, fún ara òkun fúnra rẹ̀. Gbogbo nǹkan á tóbi sí i lójú yín, á sì sún mọ́ yín ju bó ti wà lọ, nítorí omi àti gíláàsì máàsìkì ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Pupa máa ń kọ́kọ́ parẹ́; ní mítà 10, ohun pupa á dà bí àwọ̀ ilẹ̀. Ẹni tó bá fi ara gé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dà bí ewé.

Ẹ má fọwọ́ kan iyùn. Ẹ̀mí wà nínú rẹ̀, àwọn irú rẹ̀ kan kì í ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ lọ́dún, ẹsẹ̀ rọ́bà kan sì lè ṣẹ́ ohun tí ó fi ogún ọdún hù. Ó tún ń gé awọ ara, egbò rẹ̀ kì í tètè jinná. Iyùn pupa tí àwọn ọba wa ń wọ̀ sọ́rùn, irú mìíràn ni, òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá. Ẹ kò ní bá a ní Mnemba. Mo sọ èyí nítorí pé ní Ifẹ̀ tí a ti ń kí Olókun, ojú tí ẹ fi ń wo ìlẹ̀kẹ̀ ni kí ẹ fi wo èyí tó ń hù.

Ọmọ_Òṣómàáló kọ:

Ẹ ṣé, Bàbá. Ilé ìtura ti fèsì. Wọ́n ní olùkọ́ kan máa mú èèyàn mẹ́fà, àlàyé sì wà lórí ọkọ̀ nígbà tí a bá ń lọ, kò sí omi ìwẹ̀.

Olùkọ́_Ìlúwẹ̀ẹ́ kọ:

Ẹ má bá wọn lọ. Mẹ́rin ni PADI kọ sílẹ̀ pé kó pọ̀ jù fún olùkọ́ kan lábẹ́ òkun, méjì ni mo fẹ́ fún ẹni àkọ́kọ́. Ọwọ́ méjì ni olùkọ́ ní. Ẹ kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ ìmòòkùn mìíràn, ẹ bi wọ́n ní nǹkan wọ̀nyí: èèyàn mélòó sí olùkọ́ kan, ibo la ti máa dánra wò, nígbà wo, ṣé ọ́síjìn àti rédíò wà lórí ọkọ̀, kí ni nọ́ńbà olùkọ́ náà, kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú òpó PADI tàbí SSI, ṣé a lè dáwọ́ dúró nígbàkigbà láìsí àríyànjiyàn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fèsì sí èyí tó kẹ́yìn.

Ọmọ_Òṣómàáló kọ:

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Matemwe ti fèsì: àwa méjèèjì nìkan pẹ̀lú olùkọ́ kan, omi ìwẹ̀ ní aago 8 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ní ọjọ́ kẹta. Ọ́síjìn wà. Wọ́n ní bí a bá wọ omi ìwẹ̀ tí ọkàn kò bá gbà á, wọ́n á yí owó tó kù sí ti snorkel. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ìlera ránṣẹ́, wọ́n sì béèrè nọ́ńbà gíláàsì mi. Ìyàwó mi máa rí dókítà lọ́jọ́ Ajé.

Ìyá_Ìbejì_Lágere kọ:

Kó mú èsì àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù rẹ̀ dání lọ, kó má kàn fẹnu sọ. Kí dókítà fọwọ́ sí ojú ewé tó kẹ́yìn fọ́ọ̀mù náà kó sì tẹ òǹtẹ̀ lé e. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, kí ojúlówó rẹ̀ wà nínú báàgì tí ẹ máa gbé lọ́wọ́ wọ bàálù.